Iyọ̀ Òkun Tí A Gbé Wá sí Ẹ̀rúnmu

Kọ́bọ̀ kan ni ìyàwó Làmídì fi ra iyọ̀ láàárọ̀ yìí, iyọ̀ náà kún agolo tẹ́ńtẹ́ń, síbẹ̀ ó ń ráhùn pé ó wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀rúnmu níbí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú agolo bẹ́ẹ̀ á ka owó ẹyọ títí oòrùn á fi kúrò lójú kan. A kì í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nígbà náà. À ń fi í dá ọbẹ̀ lọ́lá ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ wọ rélùwéè lọ sí Èkó lọ́dún yìí, ẹ ní ṣílè mẹ́ta ni wọ́n ń gbà fún yàrá kan létí ọ̀sà, ẹ ní àdúgbò náà dára fún olómọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ọmọ á rí iyanrìn ṣeré. Ṣílè mẹ́ta! Èmi náà ti gbé àdúgbò olómọ létí omi Èkó rí, kí ogun Ìjàyè tó dí ọ̀nà. Igbá irú kan àti obì mélòó kan ni ìyá mi fi kí onílé, a sì jẹ, a mu, a sùn, títí oṣù fi lé tí ó sì tún wọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló gbé mi débẹ̀, n kò sì fẹ́ padà láìsọ ọ́.

Lánàá, mo gbọ́ tí ìyàwó ilé yìí kan ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. “Súlè! Súlè o! Bá mi gbé garawa yẹn wá!” Súlè dáhùn, ó sì gbé garawa. Kò sí ẹni tí ó bínú. Èmi náà kò bínú, mo kàn gbé ìwé tí mò ń kà sílẹ̀ ni. Láyé tiwa, ìyàwó kò jẹ́ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá bá nínú ilé ọkọ rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ìyàwó á wo ọmọ náà títí, á wá fún un ní orúkọ tirẹ̀: ẹni tí eyín rẹ̀ bá funfun á di Eyínfúnjowó, ẹni tí ara rẹ̀ bá ń dán á di Adúmáradán. Orúkọ yẹn ni á máa pè é títí ikú á fi yà wọ́n. Ẹlòmíràn nínú ilé kì í tilẹ̀ lò ó. Láàárín àwọn méjèèjì ni.

Nígbà tí ìyá mi wọ ilé bàbá mi, wọ́n bá àbúrò bàbá mi kan níbẹ̀, ọmọkùnrin tí ó ń ga lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fà lókè. Ìyá mi sọ wọ́n ní Agùntáṣọọ́lò, ẹni tí gíga rẹ̀ yẹ aṣọ. Agùntáṣọọ́lò kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tí wọ́n lọ sóko lọ́jọ́ kan tí wọn kò padà. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ gbé wọn lójú ọ̀nà. Ọkọ́ wọn àti iṣu sísun tí wọ́n jẹ kù ni àwọn ará ilé bá nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ ọmọ náà létí àwọn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan wọ́n, “ẹni ọ̀nà oko” ni gbogbo ilé ń wí. Ìdí nìyí tí èmi àti Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fi dàgbà láìmọ orúkọ àbúrò bàbá wa.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, èrò kan tí ó ti Èkó bọ̀ sọ fún bàbá mi pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sókè òkun ti ń padà bọ̀. Ọkọ̀ ń já wọn sí Èkó, Àgùdà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ Ẹ̀rúnmu kan wà láàárín wọn, ó ga, ó sì ń ṣiṣẹ́ igi. Nígbà tí bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá yàrá kan tí ó ti wà ní títì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Bàbá mi ni ó yẹ kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n sòbìà ti mú wọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú bí àgbá. Ìyá mi ní àwọn á lọ. Wọ́n pọn àbúrò mi tí kò tíì rìn, wọ́n mú èmi àti Àdùkẹ́ dání, a dara pọ̀ mọ́ àwọn èrò.

Ìyá Àgbà sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. “Ìyàwó,” ni wọ́n wí, “bá mi mú ọmọ mi wá.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Màá mú wọn wá, Ìyá.”

Gbogbo ilé wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń ju ọwọ́. Kò sí ẹnì kan tí ó rántí pé ẹni tí kò gbọdọ̀ pe orúkọ là ń rán lọ wá olórúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú rélùwéè títí ẹ fi dé Èkó, ẹ kò mọ ìrìn. Agogo olórí èrò ń ró níwájú, tí a bá gbọ́ pé ó dákẹ́, gbogbo wa á dúró, ọkàn á ga sókè, nítorí ogun kò jìnnà sí ọ̀nà kankan nígbà náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi gbóná kọjá èyí tí mo lè sọ. Láti Abẹ́òkúta a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ògùn. Àwọn atukọ̀ ń kọrin, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ nínú omi, mo sùn, mo jí, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Ìgbà tí a dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀, mo gbọ́ ìró kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń hó, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń hó. Mo ní, “Ìyá, ta ni ó ń gúnyán tó báyìí?” Àwọn atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Òkun ni.

Àdúgbò àwọn Àgùdà ni wọ́n júwe fún wa, ibẹ̀ la sì dé sí. Ilé wọn ní fèrèsé onípákó tí wọ́n ń ṣí tì, iyanrìn funfun ni gbogbo ojúde, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀ ju ewúrẹ́ lọ. Bí o bá subú níwájú ilé kan, ìyá ilé náà ni á gbé ọ, á gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ, á sì fún ọ ní nǹkan jẹ, kò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ní ìdájí, òórùn búrẹ́dì ni ó ń jí wa. Onílé wa, Ìyá Màríà, ni wọ́n ń yan án. Òkè òkun ni wọ́n bí àwọn sí, Yorùbá wọn sì máa ń tiro díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún wọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà ààwẹ̀ wọn, wọ́n se ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, wọ́n ń pè é ní fùrèjọ́n. Àdùkẹ́ ní kò yẹ kí ẹ̀wà dùn tó bẹ́ẹ̀. Títí di òní, n kò tíì rí irú rẹ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti jẹun ní Sáró, níbi tí mo ti lọ ka ìwé gíga.

Ní ọjọ́ tí a dé, Ìyá Màríà bi ìyá mi léèrè: “Kí lorúkọ ẹni tí o ń wá? Ojúlé dé ojúlé ni a ó bi.”

Ìyá mi wolẹ̀. “Ọkọ mi ni.”

“Ọkọ rẹ ló sá lọ?”

“Rárá o. Ọkọ mi wà nílé, sòbìà ló mú wọn. Ọkọ mi kékeré ni mò ń wá.”

“Ọkọ kékeré!” Ìyá Màríà pàtẹ́wọ́. “Mélòó lo ní, ìwọ obìnrin yìí?”

Ìyá mi ṣàlàyé. Ibi tí àlàyé náà dé dúró ni orúkọ. Ìyá Màríà wò wọ́n títí, wọ́n ní, “O rìn láti oko yín dé etí òkun, orúkọ wà lẹ́nu rẹ, o sì pa ẹnu dé! Bí ó bá jẹ́ epo lo gbé wá tà, ṣé o máa bò ó lójú oníbàárà?”

Àdùkẹ́ ní, “Ìyá, ẹ sọ ọ́ sí mi létí, èmi á pè é.”

“Etí tìrẹ kì í ṣe etí? Pípè ni pípè.” Ìyá mi yíjú sí onílé. “Ìyá, ẹ má bínú. Bí mo bá pe orúkọ wọn, mo ti wí pé wọn kì í ṣe ọkọ mi mọ́. Kí ni mo tún wá ń wá kiri?”

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń bèèrè káàkiri, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé àfi ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Àwọn Àgùdà sì ti gba orúkọ ìjọ wọn, èyí ń jẹ́ Hosé, tọ̀hún ń jẹ́ Antóníò, iṣẹ́ igi sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá, kò sí ẹni tí ó dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Màríà mú ọkùnrin kan wọlé. Pẹ́dúrò ni wọ́n ń pè é, apẹja ni, ó sì ga. Bí ó ti rí wa, ó dojú bolẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Ìyàwó wa! Èmi nìyí o! Èmi ọmọ Ẹ̀rúnmu!” Ó sọ̀rọ̀ ọjà wa, ó júwe ìtòsí odò. Ìyá Màríà náà ń nu ojú. Èmi ti fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi kò tíì dìde. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú o, ọkọ mi. Kí ni mo máa ń pè yín?”

Ẹkún Pẹ́dúrò dáwọ́ dúró. Ó ṣe, ó jókòó sórí iyanrìn. “N kò mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Ẹ dárí jì mí. Mo kàn gba Ẹ̀rúnmu kọjá rí ni, nígbà tí wọ́n ń mú wa bọ̀. Ìlú tèmi ti di igbó. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń wá wá ẹni wọn níbí. Kò sí ẹni tí ó ń wá mi. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹnì kan, ó wù mí kí n jẹ́ ẹni náà.”

Ìyá Màríà fẹ́ bú u. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti ẹja síwájú rẹ̀. “Ẹ jẹun ná,” ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà ni Pẹ́dúrò ti di ara wa. Òun ló gbé wa lọ wo òkun gan-an. Ó ní ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó òun lẹ́rú lọ, lẹ́bàá ìlú ńlá àwọn òyìnbó Sípéènì, àdúgbò kan wà létí omi tí ìdílé máa ń jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ń wẹ̀, àwọn àgbà ń ta ayò. Òun á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, òun á máa wò wọ́n, ìró òkun yẹn kò sì yàtọ̀ sí èyí. Àdùkẹ́ tọ́ omi náà wò, ó ké, “Iyọ̀ ni! Gbogbo rẹ̀!” Ẹ wo ọgbọ́n ará oko: a rí odindi ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Àdùkẹ́ sáré gbé akèrègbè, a rọ ọ́ kún, a ní ti Ìyá Àgbà nìyí, wọn kò ní ra iyọ̀ mọ́ láyé. Pẹ́dúrò kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó wá èdìdì fún akèrègbè náà.

Òun náà ló tún ń ké kiri: “Ta ni Agùntáṣọọ́lò?” Àwọn ọ̀dọ́ ń dá a lóhùn pé, “Èmi ni, aṣọ dà?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé kan, ọ̀gá káfíńtà sọ òòlù sílẹ̀ láti orí àkàsọ̀, ó ní, “Tún un pè.”

Bí wọ́n ti wọ ojúde Ìyá Màríà, pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó àti àkẹtẹ̀ lórí, ìyá mi kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. “Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi.” Àbúrò bàbá mi bọ́ àkẹtẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló tún kù tí ó ń pè mí bẹ́ẹ̀?” Wọ́n gbé ìyá mi dìde, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà a jẹ adìyẹ.

Ṣùgbọ́n inú kan náà ni ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ń gbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé dé, Agùntáṣọọ́lò mi orí. Wọ́n ti ní ìyàwó níbẹ̀, wọ́n ti bí ọmọ méjì, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi ní, “Ẹ kàn wá kí ìyá yín, kí ẹ sì padà.” Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ọ̀nà tí wọ́n ti jí mi kó ni ẹ ní kí n tún gbà. Bí mo bá pa ojú dé, igbó yẹn ni mò ń rí. Mo ti búra.” Ìyá mi bẹ̀ wọ́n, lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla. Wọ́n kó aṣọ fún ìyá mi, wọ́n kó aṣọ fún Ìyá Àgbà. Ìyá mi ní, “Ìyá yín kò rán mi ní aṣọ.”

Mo ti dàgbà ju Agùntáṣọọ́lò ìgbà náà lọ fíìfíì, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi bí mo ti ń dá wọn lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, ekòló lásán ń bà á lẹ́rù. Ìgbà náà, ojú ìyá mi nìkan ni mò ń wò.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn èrò máa gbéra, a wà ní èbúté, ẹrù wà nílẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí a wọ ọkọ̀. Wọ́n ń wo ọ̀nà. Agùntáṣọọ́lò dé lóòótọ́, wọ́n wẹ̀, wọ́n múra. Wọn kò gbé ẹrù kankan. Wọ́n wá dágbére fún wa ni.

Ìyá mi wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Wọn kò kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọdẹ́níyì.”

Bí èmi àti Àdùkẹ́ ṣe gbọ́ orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

“Ọdẹ́níyì, mo ti rí ọ. Màá sọ fún ìyá rẹ pé mo rí ọ. Ó dàbọ̀.”

Wọ́n ní kí a wọ ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Àbúrò bàbá mi fi ọwọ́ bo etí kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Súlè láti gbé garawa, bóyá ẹ kò lè mọ bí ohun tí a ń wí yìí ti wúwo tó.

Pẹ́dúrò ló ru ẹrù wa sínú ọkọ̀. Ó ní òun á sìn wá dé Abẹ́òkúta, nítorí ọmọ mẹ́ta pọ̀ fún obìnrin kan. Ní Abẹ́òkúta, ó ní ọ̀nà Ìbàdàn kò dára tó. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ó kàn gbé ẹrù rù.

Ìyá Àgbà gbọ́ agogo èrò, wọ́n jáde. Wọ́n rí ọkùnrin gíga kan lẹ́yìn wa, ojú wọn là. Ìyá mi kò jẹ́ kí ìrètí náà dúró pẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá, ọmọ yín wà láyé. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Kò ní wá. Ẹni yìí ló wá. Kò ní ẹnì kankan.”

Adìyẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ìyá Àgbà wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ṣé ó ti jẹun?”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n se omi inú akèrègbè wa títí ó fi gbẹ. Gbogbo òkun tí a ti ń gbé bọ̀ láti ọjọ́ yìí kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá Àgbà fi ìka kan mú nínú rẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n Pẹ́dúrò, bí a ti í fi iyọ̀ kan ahọ́n ọmọ tuntun, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fún un ní yàrá tí wọ́n ti gbá.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ìyá mi bá Ìyá Àgbà nílé, ṣùgbọ́n ìyá mi ni ọkùnrin yìí bá nílé. Ìyá mi ló ṣáájú rẹ̀ dé. Ní òfin ìyàwó, kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀. Wọn kò pè é rí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tiwọn, bí ìyàwó ṣe ń fún ọkọ, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Nígbà tí àwọn ìyàwó kékeré rí èyí, àwọn náà ń kúnlẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di ọmọ ilé.

Ogun Ìjàyè dí ọ̀nà láìpẹ́ sígbà náà. Ìyá Àgbà kú láìfi ojú kan Ọdẹ́níyì. Nígbà tí ọ̀nà là, Ọdẹ́níyì ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn á fi mí sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá mi jẹ́ kí n lọ. Àwọn náà ló san owó tí mo fi lọ sí Sáró, ohun tí wọn kò ṣe fún ìyá wọn, wọ́n ṣe é fún mi. Tí mo bá ti ilé padà sí Èkó, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí: “Kí ni ìyá rẹ ń pè mí báyìí?” Mo máa ń ní wọ́n kí yín.

Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Ìyá mi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀. “Agùntáṣọọ́lò lọ,” ni wọ́n wí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tún gbé igbá.

Àwọn tí wọ́n wà ní àgbàlá lọ́jọ́ tí a fi iyọ̀ kan ahọ́n náà, ilẹ̀ ti bò wọ́n. Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ. Ìyá Màríà, mo wá ilé wọn títí ní Èkó, ilé ìtajà ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi tí wọ́n pọ̀n lọ sí etí òkun ni bàbá arúgbó yín tí ó wà ní Ajíbọ́dè, kò rántí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì máa ń bá mi jiyàn pé òun rí òkun. Àdùkẹ́ wà láyé, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n tí o bá gbé ọbẹ̀ fún un, ó lè sọ iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Èmi náà wà. Ọkùnrin tí a bá wálé ti kú, àárín ilé yìí ni a sin ín sí, ìyá mi sì ki oríkì ilé wa fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà láàárín ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí.

Ẹ má wo ojú ara yín. Èmi àti Àdùkẹ́ nìkan ló kù tí ó mọ ẹni tí í ṣe tirẹ̀ nínú yín. Àdùkẹ́ kò ní sọ. Èmi náà, ẹnu ìyá mi ni mo jogún.